Ṣé ó yẹ kí library máa ṣọ́ compiler?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Library kékeré kan (àkójọ kóòdù tí ètò míì lè lò) ni mò ń kọ ní C fún bọ́ọ̀dù tí kò ní operating system. Compiler, ìyẹn ètò tó ń tú kóòdù sí èdè ẹ̀rọ, ni mo fi ń tú u. Mo kọ memset tèmi, lúùpù kan ṣoṣo tó ń fi òdo kún memory. Pẹ̀lú -O0, níbi tí compiler kì í ti gbìyànjú láti mú kóòdù yá, ó ń ṣiṣẹ́ geere. Mo yí i sí -O3, níbi tó ti ń tún kóòdù ṣe gan-an kó lè yá, bọ́ọ̀dù dákú. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi wá ohun tó ṣe é. Ìgbà tí mo tú fáìlì náà wò, n kò rí lúùpù mọ́: GCC, compiler tí mò ń lò, ti yọ ọ́, ó fi ìpè sí memset dípò rẹ̀, nínú memset fúnra rẹ̀! Ó wá ń pe ara rẹ̀ láì dúró.

Ṣé kí n máa kọ ẹ̀ṣọ́, kóòdù tó ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ compiler, sínú library nítorí irú èyí, àbí kí n fi í sílẹ̀ fún àwọn tó ni compiler? Ẹni tá a jọ ń ṣiṣẹ́ sọ pé àbùlẹ̀ lásán ni irú ẹ̀ṣọ́ bẹ́ẹ̀.

Bàbá Ìbejì: Àbúrò, o kú wàhálà. GCC ò ṣìnà níbẹ̀ o. Ìwé rẹ̀ sọ ọ́ pé dandan ni kí o pèsè memset fún un, kódà níbi tí kò sí operating system. Fi flag -fno-tree-loop-distribute-patterns, tó ń ní kí GCC má fi ìpè rọ́pò lúùpù, sí fáìlì yẹn nìkan. Àwọn tó ni glibc, library C tí Linux sábà máa ń lò, pàápàá lẹ inhibit_loop_to_libcall, àmì tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà, mọ́ memset tiwọn, nítorí náà má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dójú tì ọ́.

Ìyá Dàmọ́lá: Ìyẹn dáa, àmọ́ tó bá jẹ́ àṣìṣe compiler gidi ńkọ́? Compiler kan náà ló máa tú ẹ̀ṣọ́ yẹn. Bó bá ti ń ṣi kóòdù tú, kí ni kò ní jẹ́ kó ṣi ẹ̀ṣọ́ tú? Wo GMP, library ìṣirò nọ́ńbà ńlá: àwọn tó ni ín kìlọ̀ pé compiler máa ń ṣi í tú lọ́pọ̀ ìgbà, pé kí ẹnikẹ́ni má lò ó láì kọ́kọ́ ṣe `make check`, àṣẹ tó ń dán an wò. Ìdánwò ni kí o tẹpá mọ́.

Ẹ̀gbọ́n Káyọ̀dé: Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ rántí Pentium, chip Intel, ọdún 1994. Ẹ̀rọ ló ṣe àṣìṣe níbẹ̀, kì í ṣe compiler, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni. Ẹ pín 4195835 sí 3145727, ó ń mú 1.33374 jáde dípò 1.33382. Àwọn tó ń ṣe compiler fi àyẹ̀wò sídìí ìpín, torí ẹ̀rọ ti wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Àbúrò, bí o bá fi ẹ̀ṣọ́ sí i, kọ ẹ̀yà compiler tó fà á sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹni tó bá gba iṣẹ́ náà lẹ́yìn rẹ lè mọ ìgbà tó yẹ kó yọ ọ́.

Oníbéèrè: Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti fi flag náà sí i, bọ́ọ̀dù ti jí! Mo máa kọ ìdánwò lálẹ́ yìí, láti -O0 dé -O3. Ìyá Dàmọ́lá, ṣé kí n ṣe é lórí bọ́ọ̀dù ni, àbí kọ̀ǹpútà mi ti tó?

Ìyá Dàmọ́lá: Lórí bọ́ọ̀dù o. Compiler tó ń tú kóòdù fún kọ̀ǹpútà rẹ kọ́ ló ń tú ti bọ́ọ̀dù.