Lórí “agberé”: kí ni a ó pe ohùn tí ó ń bá eré rìn?

Ẹ̀yin ará,

Mo kí yín láti Kétu. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní Àjàṣẹ́ dábàá pé kí a máa pe gbogbo orin àti ìlù tí a ṣe fún eré orí ìtàgé, ijó àti àríyá ní “agberé”, láti inú “gbè” àti “eré”. Gbòǹgbò rẹ̀ tẹ́ mi lọ́rùn, ẹ̀ka rẹ̀ ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Bí a bá yọ àmì ohùn kúrò, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe lórí fóònù, àgbèrè ni ènìyàn yóò kà. Ta ni yóò sì sọ fún àwọn àna rẹ̀ pé iṣẹ́ yìí ni òun fi ń jẹun?

Èyí tí ó wúwo jù ni pé orúkọ kan ṣoṣo kò lè gba gbogbo rẹ̀. Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO kà mọ́ àjogúnbá aráyé ní 2001, ti pín in fún wa tipẹ́. Ní òru Ẹ̀fẹ̀, ọ̀rọ̀ ni ó ń ṣíwájú: ẹni tí ó gbé Ẹ̀fẹ̀ ni yóò dá orin, yóò súre fún ìlú, yóò fi ẹni tí ó hùwà ìbàjẹ́ ṣẹ̀fẹ̀, àwọn tí ó yí i ká yóò sì máa gbè é. Ní ọ̀sán, ìlù ni ó ń ṣíwájú. Ẹsẹ̀ oníjó gbọdọ̀ bá ẹnu ìyáàlù mu, débi pé irin tí ń dún lọ́rùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tún ohun tí ìlù wí wí. Orin kọ́ ni a ń pe èyí.

Nítorí náà, kí “orin eré” jẹ́ èyí tí òṣèré fi ẹnu kọ, bí orin tí ẹgbẹ́ Hubert Ògúndé fi ń ṣíde; kí “ìlù ijó” àti “orin àríyá” wà bí wọ́n ṣe wà. Ohun tí kò tíì ní orúkọ ni èyí tí ń dún lábẹ́ ọ̀rọ̀ nínú sinimá àti eré rédíò, tí ẹnikẹ́ni kò kọ, tí ẹnikẹ́ni kò jó, síbẹ̀ tí ó ń já wa láyà kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Òun ni “gbè” tọ́ sí: “ègbè eré”, ọ̀rọ̀ méjì. Nígbà tí Dúró Ládípọ̀ mú bàtá wọ Ọba Kò So ní 1963, bàtá tí í ṣe ìlù Ṣàngó ti tó láti sọ ẹni tí ó ni eré náà fún ẹni tí ó gbọ́ ọ.

Wọ́n lè ní ègbè ti jẹ́ ti àwọn agberin. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni. Ẹ̀yin ará Ṣábẹ̀ẹ́, kí ni àwọn òṣèré yín ń pè é?