Ọjọ́ tí ọ̀pẹ na ọ̀ta nídìí ṣẹ́ẹ̀sì

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn ṣẹ́ẹ̀sì tèmi fún yín. Ìdíje kan ní Sùúrùlérè ni. Rating mi, ìyẹn iye tó ń fi agbára òṣèré hàn, jẹ́ 1420, ọmọkùnrin tí wọ́n pín mi mọ́ wà ní 1890. Ní ìṣirò FIDE, àjọ ṣẹ́ẹ̀sì àgbáyé, fún irú àwa yìí, bí àlàfo bá ti ju 400 lọ, 400 náà ni wọ́n ń kà á sí: wọn ò retí kí ọ̀pẹ gba ju póìǹtì 8 lọ nínú eré 100. Ọ̀rẹ́ mi ti ń bá mi kẹ́dùn kí n tó jókòó. Mo rán an létí Qatar, oṣù kẹwàá 2023, níbi tí Alisher Suleymenov tó wà ní 2512 ti na Magnus Carlsen, ọ̀ta tó ti gba adé àgbáyé rí, tó wà ní 2839.

Dúdú ló kàn mí, mo ta French, ọ̀nà kan tí dúdú fi ń bẹ̀rẹ̀ eré. Ọba mi ti wọ igun rẹ̀ ní ojú bọ́ọ̀dù tí à ń pè ní g8, ọkàn mi balẹ̀, àfi bí ọmọ yìí ṣe fi bíṣọ́ọ̀bù jẹ pawn mi, ọmọ ogun kékeré, ní h7. Ṣẹ́ẹ̀kì, ó dojú ìjà kọ ọba mi! Ọba mi jẹ ẹ́. Ẹṣin rẹ̀ fò dé g5, ṣẹ́ẹ̀kì míì. Ó dìde, ó lọ mu omi.

Ara mi tutù. Mo mọ̀ pé bí mo bá sá padà sí g8, ayaba rẹ̀ á bọ́ sí h5, ó parí nìyẹn. Mo ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ itan, torí pé ohun tí o bá fọwọ́ kàn ni wàá gbé. Ìṣẹ́jú 23 ni mo fi wo bọ́ọ̀dù. Mo wá gbé ọba jáde sí g6, síta gbangba.

Nígbà tó padà dé, ó wo bọ́ọ̀dù, ó wò mí, ó fa àga rẹ̀ súnmọ́ tábìlì. Ayaba rẹ̀ wá sí g4, mo ti pawn sí f5. Ṣẹ́ẹ̀kì ń tẹ̀ lé ṣẹ́ẹ̀kì, ọba mi ń rìn. Nígbà tí ìjà rọlẹ̀, bíṣọ́ọ̀bù kan ni mo fi jù ú lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ìgbésẹ̀ 44, ó dá aago dúró, ó na ọwọ́ sí mi. Póìǹtì 18.4 wọlé sórí rating mi.

Omijé fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká tún un wò.” A tò ó padà dé ibi tí ọba mi ti jáde. Dípò kó gbé ayaba, ó rọra ti pawn etí bọ́ọ̀dù dé h4. Mo wò ó títí. Mi ò rí èsì kankan.