Fọ́tò kan wọlé lóru, kì í sì í ṣe fọ́tò

Fọ́tò Mọ́kọ́lá: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ilé fọ́tò ni mo ní ní Mọ́kọ́lá níbí. Lọ́dún 2015, ọmọ àbúrò mi ṣe wẹ́ẹ̀bù kan fún mi káwọn oníbàárà lè máa fi fọ́tò ránṣẹ́ látilé. ImageMagick, ètò kọ̀ǹpútà tó ń tún àwòrán ṣe, ló ń gé e sí ìwọ̀n pásípọ́ọ̀tù, èmi á kàn tẹ̀ ẹ́ jáde. Ọmọ ọ̀hún ti wà ní Kánádà báyìí, kì í gbé fóònù mi mọ́.

Láàárọ̀ àná mo rí fáìlì kan tó wọlé laago méjì òru. Orúkọ ẹ̀ parí sí .jpg, àmọ́ kò tó kílóbáìtì kan. Pásípọ́ọ̀tù wo ló kéré báyẹn? Mo fi Notepad ṣí i, ọ̀rọ̀ ni mo bá níbẹ̀: "push graphic-context", "fill", àti àdírẹ́sì kan tí àmì | wà nínú ẹ̀. Ṣé fọ́tò ló bàjẹ́ ni àbí wọ́n ti wọlé sí mi lára?

Ọmọ Agbowó: Ẹ̀gbọ́n, olè ni. Ẹ pa wẹ́ẹ̀bù yẹn ná. Ihò kan wà nínú ImageMagick tí olè ń gbà wọlé, ImageTragick ni wọ́n ń pè é, CVE-2016-3714 ni nọ́ńbà ẹ̀. Oṣù karùn-ún ọdún 2016 làṣírí ẹ̀ tú. ImageMagick kì í gba .jpg tí ẹ kọ gbọ́, inú fáìlì ló ń wò. Tó bá ti rí i pé MVG ni, ìyẹn àwòrán tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ kọ bí wọ́n ṣe máa yà á, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ló máa ṣe. Tí wọ́n bá ní kó mú àwòrán wá láti àdírẹ́sì https kan, kì í lọ fúnra ẹ̀, curl tàbí wget, àwọn ètò tó ń fa nǹkan wá látorí íńtánẹ́ẹ̀tì, ló ń rán, á sì ki àdírẹ́sì náà bọ inú shell, ibi tí kọ̀ǹpútà ti ń gba àṣẹ, bó ṣe wà. Bí ẹni rán ọmọ lọ sí Dùgbẹ̀, tí ẹlòmíì fi tiẹ̀ kún iṣẹ́ náà: gbogbo ẹ̀ lọmọ máa jẹ́. Ohun tó wà lẹ́yìn | yẹn ti di àṣẹ nìyẹn.

Fọ́tò Mọ́kọ́lá: Háà! Mo ti pa á. Mo fi identify -version wo ImageMagick mi, ó ní 6.8.9-9 ni.

Ìyá Linux: 6.9.3-9 ò dí ihò yẹn tán, 6.9.3-10 ló dí i. Àmọ́ Debian, tó bá jẹ́ òun ni Linux tó wà lórí server yín (kọ̀ǹpútà tó gbé wẹ́ẹ̀bù náà), lè ti lẹ àtúnṣe mọ́ ti àtijọ́, ẹ fi dpkg -l wo ìrù nọ́ńbà náà. Nínú policy.xml, fáìlì òfin ImageMagick, ẹ ti MVG, MSL, URL, HTTPS àti EPHEMERAL pa. Kí wẹ́ẹ̀bù sì máa yẹ ìbẹ̀rẹ̀ fáìlì wò kó tó gbà á: FF D8 FF ni JPEG fi ń bẹ̀rẹ̀. Ṣé ẹnikẹ́ni ti fọwọ́ kan server yẹn látìgbà tọ́mọ náà ti lọ?

Fọ́tò Mọ́kọ́lá: Rárá o, mà. Owó ẹ̀ nìkan ni mo ń san.

Ìyá Linux: Ẹ má wulẹ̀ lẹ̀ ẹ́. Ẹ kó fọ́tò àwọn èèyàn kúrò, ẹ to server tuntun, kí ẹ pààrọ̀ gbogbo password tó wà níbẹ̀.

Fọ́tò Mọ́kọ́lá: Mo ti ń kó o. Oníbàárà kan dúró tì mí báyìí, ó ní wẹ́ẹ̀bù ò ṣí. Mo ní kó gbé fóònù ẹ̀ wá, okùn ni mo fi ń fa fọ́tò ẹ̀.