Ibo la lè gbé yàrá ìtùnú sí ní ilé-ìwé ìjọba, Ilé-Ifẹ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì. Ìrànlọ́wọ́ la ń wá. À ń ṣètò ìtọ́jú ọkàn fún àwọn ọmọ tí ojú wọn ti rí màbo, bí ikú òbí, jàǹbá ọkọ̀ tàbí lílù nílé, ní ilé-ìwé gírámà ìjọba kan n'Ífẹ̀.

Yàrá ìtùnú kan wà tí ọmọ ti lè sọ tinú rẹ̀ fún olùkọ́, àga méjì ló wà níbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ara wọn la gbé wọn sí kí ọmọ má baà rò pé wọ́n ń wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu òun. A kì í ti ilẹ̀kùn pa. Fọ́ọ̀mù SDQ (Strengths and Difficulties Questionnaire) wà, oníbèéèrè 25. Ìwà ọmọ ló ń béèrè, kì í tú egbò. Bí àyà ọmọ bá ń já, olùkọ́ á ní kó ka ohun 5 tó ń rí, 4 tó lè fọwọ́ kàn, 3 tó ń gbọ́, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Àmọ́ agogo ilé-ìwé, irin ọkọ̀ tí wọ́n ń fi òòlù lù, á kàn dún gbàǹgàn! Ọmọ á ta gìrì, ó di àtúnbẹ̀rẹ̀.

Èyí tó le jù: ara ògiri yàrá yìí kan náà ni wọ́n ti ń na ọmọ ní pàṣán. Ta ni yóò wá sọ tinú rẹ̀ níbẹ̀? Kò sì sí yàrá mìíràn. Kí lẹ ṣe síyẹn lọ́dọ̀ tiyín?

Bí ọ̀rọ̀ bá ju agbára olùkọ́ lọ, OAUTHC, ilé-ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, la ó kọ̀wé sí, ṣùgbọ́n òbí á ní ọmọ òun kì í ṣe wèrè. Ẹ̀yin ará Iléṣà, báwo lẹ ṣe ń kọ lẹ́tà yẹn tí òbí fi ń gbà?