Irúgbìn kan ṣoṣo láti 1720, ṣé ọgbọ́n ni àbí agídí?

Ọmọ Ìpàta: Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Àbúrò mi tó ń kàwé ní Mainz ní Jámánì ló fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi, ààfin àtijọ́ kan tó jókòó sórí òkè tí ọgbà àjàrà tò lọ bẹẹrẹ nísàlẹ̀ rẹ̀ lápá odò Rhine, Schloss Johannisberg ni wọ́n ń pè é. Ó ní láti 1720 Riesling nìkan ni wọ́n ń gbìn síbẹ̀, àjàrà ìlú wọn tí wọ́n fi ń ṣe ọtí. Èmi kì í mutí o, kẹ́nì kankan má wáàsù fún mi, ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé kí ló dé téèyàn á fi gbára lé irúgbìn kan ṣoṣo fún ọ̀ọ́dúnrún ọdún, nígbà tó jẹ́ pé lọ́dọ̀ tiwa ọdọọdún ni wọ́n ń ní ká wá gba irúgbìn tuntun?

Ará Ọ̀ffà: Mo gbé Frankfurt rí, mo ti dé ààfin yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Kì í ṣe agídí rárá. Ibẹ̀ tutù, Riesling sì rèé, òtútù ò lè pa á, kì í kánjú pọ́n. Láti 1435 ni orúkọ ẹ̀ ti wà nínú ìwé ní Rüsselsheim tí ò jìnnà síbẹ̀. Ère ẹlẹ́ṣin kan wà lágbàlá ààfin yẹn, ìtàn ẹ̀ ló dùn jù. Olórí àwọn mọ́ǹkì ìjọ Àgùdà nílùú Fulda ló ni ilẹ̀ náà nígbà yẹn, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ká èso láìgbàṣẹ, ọdọọdún ni wọ́n ń rán ẹlẹ́ṣin lọ gbàṣẹ wá. 1775, ẹlẹ́ṣin lọ, wọ́n retí retí, kò dé. Ohun tó dá a dúró, oríṣiríṣi lẹnu ń sọ, èmi rò pé obìnrin ni sha. Kó tó dé, èso ti bu lórí igi, ara ẹ̀ ti hunjọ. Wọ́n fún omi èso náà bẹ́ẹ̀ torí kí ni wọn ò bá tún ṣe, ló bá di ọtí tí wọn ò tọ́ irú ẹ̀ wò rí! Èébu yẹn ló ń jẹ́ kí omi inú èso gbẹ, tó wá ku ṣúgà.

Ọmọ Ìpàta: Haa, ẹ má bú ẹlẹ́ṣin o, ìlú ẹlẹ́ṣin la ti wá 😂

Àgbẹ̀ Òró: Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ èyí tó kù. Kòkòrò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní phylloxera bá igi àjàrà Amẹ́ríkà wọkọ̀ dé Yúróòpù láàárín 1860 sí 1870, gbòǹgbò ló ń jẹ, ó sọ ọgbà Faransé di ahoro kó tó tàn dé ibòmíì. Ti Amẹ́ríkà nìkan ni kòkòrò yẹn ò lè pa, torí ó ti mọ́ ọn lára. Ni wọ́n bá ń gé ẹ̀ka àjàrà tiwọn, wọ́n ń lọ́ ọ mọ́ ìdí ti Amẹ́ríkà, bá a ṣe ń lọ́ ọsàn níbí gan-an. Torí náà tẹ́ ẹ bá ń sọ pé ìbílẹ̀ ìbílẹ̀, orí ni o, ẹsẹ̀ ẹ̀ àlejò ni.

Ìyá Ọlọ́kà: Ọ̀mù-Àrán ni mo wà, ọtí ọkà bàbà ni mò ń pọn. Ọkà pupa tí ìyá ọkọ mi fi lé mi lọ́wọ́ ni mò ń lò. Ọdún kan ó wọ́n, mo lọ ra funfun kan tí wọ́n ní ó ń so dáadáa, mo rẹ ẹ́, mo tẹ́ ẹ sórí ewé, mo da ewé bò ó, ọjọ́ kẹta mo ṣí i, ìdajì ò hù, ó wá ń rùn. Mo pọn ìyókù. Oníbàárà mi kan fẹnu kàn án, ó gbé igbá kalẹ̀, ó ní "Màámi, ta ló pọn èyí?" Ojú tì mí débi pé mo ní àbúrò mi ni.

Ọmọ Ìpàta: Màámi, ẹ̀yin lẹ dá mi lóhùn. Àgbẹ̀, ṣé wọ́n lè lọ́ ọkà náà ni?

Àgbẹ̀ Òró: Rárá o, igi ni wọ́n ń lọ́. Ti ọkà, ẹ ṣáà mú irú sílẹ̀ nínú èyí tó dáa.

Ọmọ Ìpàta: Kò burú. Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi kóńgò méjì pamọ́ nínú pupa yẹn, mò ń bọ̀ lápá ibẹ̀ lẹ́yìn Iléyá. Ògì ni mo fẹ́ fi ṣe o!