Bí a ṣe lè kọ́ Chaconne tí Bach kọ fún violin

Ìbéèrè: Ẹ̀yin àgbà olórin, mo kí yín o. Mo ń kọ́ Chaconne, èyí tó parí Partita kejì (àkójọ orin oníjó) tí Bach kọ fún violin, ṣùgbọ́n bí mo bá ti ta á láti ìbẹ̀rẹ̀, ọwọ́ mi á ti le kí n tó dé ìdajì. Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni kí n ṣe pín in?

Èsì kìíní: Ẹ má ta á tán lójoojúmọ́. Ohùn ìsàlẹ̀ ni ìpìlẹ̀ orin náà, ìwọ̀n (bar) mẹ́rin-mẹ́rin ló sì sábà máa ń gbà yí po. Ẹ kọ́kọ́ ta ohùn yẹn nìkan, kí ẹ fi ẹnu kọ ọ́, kí ẹ tó wá fi àwọn ohùn òkè lé e.

Èsì kejì: Òótọ́ ni. Ẹ tún wo ẹ̀dà tí Bach fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ní 1720. Ìlù (beat) kejì nínú ìwọ̀n lorin náà ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni kí ìwúwo ọ̀pá tí ẹ fi ń ta violin bọ́ sí.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣeun gan-an. Màá bẹ̀rẹ̀ láti ohùn ìsàlẹ̀.