Orúkọ orí NIN mi yàtọ̀ sí ti ìwé ìbí mi, ṣé mo lè fi ṣe páspọ́ọ̀tì bẹ́ẹ̀?

Àṣàkẹ́_Aránṣọ:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́ mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan kí n tó lọ kó owó mi dà sómi. Mo fẹ́ ṣe páspọ́ọ̀tì Nàìjíríà, mi ò ṣe é rí láyé mi. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Accra ló ní kí n wá bá òun ṣọdún, ó tún ní tó bá yá òun á bá mi wá ọ̀nà òkè òkun, pé kí n ti ní páspọ́ọ̀tì nílẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ibi tó ti wá le nìyí, orúkọ tó wà lórí WAEC mi àti ìwé ìbí mi ni Adesola, S lásán, àmọ́ ẹni tó ṣe NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìjọba yẹn, fún wa kọ Adeshola, ó tún wá gbé orúkọ bàbá mi síbi tó yẹ kí orúkọ tèmi wà. Mo ti wá ṣègbéyàwó báyìí, ọkọ mi ní orúkọ òun ni kí n fi ṣe é.

Ẹjẹ́ńtì kan ládùúgbò wa ní kí n mú ₦170,000 wá, pé kí n má da ara mi láàmú lórí NIN, àwọn èèyàn òun tó wà nínú ọ́fíìsì á bá mi tún un ṣe. Ṣé òótọ́ ni? Èló gan-an ni owó ìjọba? Kí ni mo máa mú dání? Ẹ má bínú, mo mọ̀ pé ìbéèrè mi ti pọ̀ jù.

Àkànjí_Ìbàdàn:
Sister, ẹ fi ẹjẹ́ńtì yẹn sílẹ̀ jàre. Kò sí ohun tó fẹ́ bá yín tún ṣe níbẹ̀. Ayé ìgbà tí ohun téèyàn bá kọ sí fọ́ọ̀mù náà ni wọ́n ń kọ sí páspọ́ọ̀tì ti lọ. Ní báyìí, ẹ bá ti tẹ NIN yín sórí sáìtì Immigration, inú NIN yẹn náà ló ti máa fa orúkọ àti ọjọ́ ìbí yín jáde, ohun tó bá sì fà jáde ni wọ́n máa tẹ̀ síbẹ̀. Tí NIN bá ní Adeshola, Adeshola lẹ máa jẹ́ títí páspọ́ọ̀tì yẹn fi máa parí. Lílọ sí Accra ò ní í ṣe nǹkan o, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá gbé e lọ sí ẹ́ḿbásì pẹ̀lú WAEC tó ń jẹ́ Adesola, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í bi yín pé ta ni tibí, ta ni tọ̀hún, áfídáfíìtì á sì pọ̀ lọ́wọ́ yín bí ìwé tíṣà.

Nítorí náà NIN lẹ máa kọ́kọ́ tún ṣe, ẹ má tíì sanwó páspọ́ọ̀tì rárá. Àwọn NIMC, iléeṣẹ́ tó ń ṣe NIN, ní sáìtì tẹ́ ẹ ti lè ṣe é fúnra yín lórí fóònù, ₦2,000 ni wọ́n ń gbà fún orúkọ. Ọjọ́ ìbí ló wọ́n, ìyẹn ti di ₦28,574 láti 2025, ẹ dúpẹ́ pé tiyín ò kan ọjọ́ ìbí. Lẹ́yìn tó bá ti yanjú, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, sọ́nẹ́ẹ̀mù níbi sọ́nẹ́ẹ̀mù, orúkọ yín níbi tiyín.

Owó ìjọba: láti ọjọ́ kìíní oṣù Sẹ̀tẹ́ḿbà 2025, olójú ewé 32 tó ń lo ọdún márùn-ún jẹ́ ₦100,000, olójú ewé 64 tó ń lo ọdún mẹ́wàá jẹ́ ₦200,000. Ọdún kan ṣáájú ìyẹn, ₦50,000 àti ₦100,000 ni, wọ́n kàn sọ ọ́ di méjì lẹ́ẹ̀kan náà, àwa náà sì gbà bẹ́ẹ̀, kí la fẹ́ ṣe. Ẹ wá wò ó, ₦70,000 ni ẹjẹ́ńtì yẹn fẹ́ jẹ lórí ohun tí kò ní í ṣe.

Ọmọ_Ẹ̀gbá_Gidi:
Ọ̀gá Àkànjí ẹ rọra o, kì í ṣe gbogbo ẹjẹ́ńtì ló jẹ́ olè. Èèyàn tí ò mọ kọ̀ǹpútà ńkọ́? Ẹni tí íntánẹ́ẹ̀tì àdúgbò rẹ̀ ń ṣe ségesège ńkọ́? Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2024 tí wọ́n ti ní kéèyàn máa gbé fọ́tò àti ìwé rẹ̀ sórí sáìtì fúnra rẹ̀, àìmọye ìyá àgbà ni ò mọ ibi tí wọ́n á gbà. Èmi sanwó fún ẹni tó bá mi ṣe é, ọkàn mi sì balẹ̀.

Àkànjí_Ìbàdàn:
Ẹ̀gbọ́n, ìyẹn dáa, mi ò bá yín jà. Ẹni tó bá yín kún fọ́ọ̀mù ní káfé, ẹ fún un lówó iṣẹ́ rẹ̀, ó tọ́ sí i. Ẹni tó ní òun mọ èèyàn nínú ọ́fíìsì lèmi ń sọ. Àwọn yẹn, ẹ lọ wo ohun tí wọ́n ń ṣe, ímeèlì tiwọn àti nọ́ńbà fóònù tiwọn ni wọ́n ń fi sórí fọ́ọ̀mù yín. Tí ọ̀rọ̀ bá wá dé láti Immigration, ọwọ́ wọn ló dé sí, ẹ̀yin ò ní gbọ́ nǹkan kan, ẹ̀yin á máa pè wọ́n, wọ́n á ní nẹ́tíwọ̀kì ò dáa. Ẹni yòówù kó bá yín ṣe é, ímeèlì yín, nọ́ńbà yín, kẹ́ ẹ sì gba Application ID àti Reference Number kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀. Owó tẹ́ ẹ bá ti san, wọn kì í dá a padà, ìdí nìyẹn tí mo fi ní NIN ló gbọ́dọ̀ ṣáájú.

Ìyá_Èjìrẹ́:
Àṣàkẹ́ mi, kú oríire ìgbéyàwó. Èmi á sọ ti àwọn ìwé. Ẹni tó ń ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́ máa ní ìwé ìbí tàbí ti National Population Commission, lẹ́tà ìjọba ìbílẹ̀ yín, fọ́tò tí ẹ̀yìn rẹ̀ funfun, àti fọ́ọ̀mù onídùúró. Onídùúró yẹn ni kẹ́ ẹ tètè wá, kó jẹ́ ẹni tó mọ̀ yín tó sì ní ìwé ìdánimọ̀ tirẹ̀, torí ó máa fi ẹ̀dà rẹ̀ sílẹ̀, fọ́ọ̀mù yẹn sì gbọ́dọ̀ gba kóòtù kọjá kí wọ́n búra sí i. Ẹ kó ojúlówó gbogbo ẹ̀ dání lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń lọ ya ìka, ẹ má sọ pé mo ti gbé e sórí sáìtì.

Èmi gbé màmá mi lọ láìpẹ́ yìí. Aláró ni wọ́n, gbogbo ayé wọn ni wọ́n ti fi ọwọ́ ti aró bọ̀, ìlà ìka wọn ti fẹ́ẹ̀ parẹ́ tán. Ẹ̀rọ ò gbà á. Ọmọbìnrin Immigration tó wà níbẹ̀ fi ìnuwọ́ nu ojú díńgí, ó nu ọwọ́ màmá náà, ó wá fi ọwọ́ tirẹ̀ tẹ àtàǹpàkò wọn mọ́lẹ̀ gbọingbọin, iná pupa ló ṣáà ń tàn, màmá ń bú ẹ̀rọ lábẹ́nu, àwọn tó wà lẹ́yìn wa ń kùn, kó tó wá yí sí àwọ̀ ewé. Tí ọwọ́ yín bá ti gbẹ nítorí abẹ́rẹ́ àti ṣísọ́ọ̀sì, ẹ ti máa fi ìpara pa á láti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Ẹ má lẹ làálì sí ọmọ ìka o.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́mọ, ọmọ náà gbọ́dọ̀ ní NIN tirẹ̀, lẹ́tà ìyọ̀ǹda òbí sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ọlọ́dún mẹ́wàá ò sí fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, ọlọ́dún márùn-ún ni tiwọn.

Láyí_Òkèòkun:
Kánádà ni mo wà. Níbí $150 ni olójú ewé 32, $230 ni 64, wọn ò fi kún tiwa nígbà tí wọ́n sọ tilé di méjì. Ẹni tó bá ti ní tẹ́lẹ̀ tó kàn fẹ́ rìnìú lè fi áàpù NIS, ìyẹn Immigration, lórí fóònù ṣe é láìdé ọ́fíìsì kankan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìyẹn níbí ní 2024, fóònù náà ló máa ya ìka. Ti àkọ́kọ́ ò sí nínú ẹ̀.

Sister, tó bá jẹ́ Accra nìkan, 32 tó yín, ECOWAS ni wá, ẹ ò nílò físà fún 90 ọjọ́. Ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ òkè òkun bá wà nílẹ̀ lóòótọ́, tẹ́ ẹ bá lágbára ẹ̀, ọlọ́dún mẹ́wàá ni kẹ́ ẹ ṣe. Kì í ṣe torí ojú ewé o, ta ló fẹ́ lo ojú ewé 64 tán. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló fẹ́ kó ku oṣù mẹ́fà ó kéré tán lórí páspọ́ọ̀tì kí wọ́n tó gbà yín wọlé, torí náà ọdún márùn-ún yẹn kì í pé márùn-ún. Tẹ́ ẹ bá sì ṣe tuntun, nọ́ńbà máa yí padà, tí físà bá wà nínú èyí tó ti tán, méjèèjì lẹ máa gbé dání.

Àṣàkẹ́_Aránṣọ:
Ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á máa gbè yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ti orúkọ ọkọ ńkọ́? Ó ti ń bi mí láti àná.

Ìyá_Èjìrẹ́:
Kò sí òfin tó ní dandan ni. Orúkọ bàbá mi ni mo fi ṣe tèmi, mo ṣì wà nílé ọkọ mi. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lo tirẹ̀, ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó lẹ máa kó lọ fi yí NIN padà.

Àkànjí_Ìbàdàn:
Tó bá jẹ́ pé ẹ máa yí i, ẹ pa á pọ̀ mọ́ àtúnṣe Adeshola yẹn kó lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan. Àmọ́ WAEC ò ní í yí padà tẹ̀lé yín, ìwé ìgbéyàwó lẹ ó máa gbé tẹ̀lé e káàkiri. Ẹ fi èyí han ọkọ yín, kẹ́ ẹ jọ jókòó sọ ọ́. Ṣé registry lẹ ti ṣe é àbí alága ìdúró àti alága ìjókòó nìkan ló jẹ́rìí?

Àṣàkẹ́_Aránṣọ:
Hahaha, alága méjèèjì nìkan ni o. A ò tíì dé registry.

Àkànjí_Ìbàdàn:
Ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Ẹ fi orúkọ bàbá yín ṣe é.